Ọjọ́ Tí Màmá Àgbà Dúpẹ́ Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bínú sí yín, torí pé àwọn ọmọ tí mo fi ara mi bí pàápàá ò gbà mí gbọ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí báyìí, wọ́n á máa wo ara wọn lójú, àkọ́bí á sì sọ pé, "Mọ́mì ti tún dé." Àmọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ìyá tó bí ìyá mi, obìnrin aránṣọ láti Ìjẹ̀bú, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ju "tánkíù" àti "nó" lọ, ló fi ẹnu ara rẹ̀ yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì kan ní Houston, lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, lórí ìkúnlẹ̀, láìwọ bàtà. Kò bú ẹnikẹ́ni o. Kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúpẹ́ ni.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àpátímẹ́ǹtì oníyàrá méjì là ń gbé ní Alief, ní Houston, àwa mẹ́fà: bàbá mi, màmá mi, èmi Bísí, àbúrò mi jòjòló tó ń jẹ́ Ayọ̀, Màmá Àgbà tó wá láti ilé láti bá wa wẹ Ayọ̀, àti Bùrọ̀dá Délé, àbúrò màmá mi, tó ń sùn lórí àga gígùn ní pálọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì yọ síta lálaalẹ́ bí ìgbà tí wọ́n kó igi sórí ọkọ̀ kékeré. Tí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé yẹn. Mo ń gbọ́ màmá mi nídìí tábìlì, tó ń pe orúkọ egungun ara sókè torí ìdánwò nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Mo ń gbọ́ maṣíìnì ìránṣọ tí bàbá mi bá Màmá Àgbà rà ní tòkunbọ̀, tó máa ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ títí Ayọ̀ á fi sùn. Mo sì ń gbọ́ fíríwéè, títì márosẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá Àgbà dé, ó rò pé odò ni. Ó bi bàbá mi pé, "Odò yìí kì í sinmi ni?" Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ ìfọpo ní Deer Park dé ni, òórùn kẹ́míkà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ ni. Àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́ ni." Màmá Àgbà tẹ́tí díẹ̀ sí i. Ó ní, "Gbogbo wọn? Ta ló wá kù sílé?"

Iṣẹ́ tèmi ní òwúrọ̀ Sátidé ni ẹ̀wà bíbó. Ẹ̀wà olójú dúdú tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní súpámákẹ́ẹ̀tì ni, èmi àti Màmá Àgbà á sì jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, bàsíà á wà láàárín wa, ojú àwọn aládùúgbò á sì wà lára wa. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ fún ẹni tí kò tíì dúpẹ́ àná. Bí mo bá jí, kí n tó sọ pé ebi ń pa mí, ó ti ń retí: ta ló ṣe ẹ́ lóore lánàá? Mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún màmá mi, "Ẹ ṣé ìrẹsì àná." Mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún bàbá mi, "Ẹ ṣé bí ẹ ṣe gbé mi lọ sílé ìwé lánàá." Àṣà náà wọ̀ mí lẹ́wù débi pé ní ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ fún tíṣà mi nínú kíláàsì, mo dúpẹ́ súwítì tó fún mi ní àná. Obìnrin náà rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ó ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí Bùrọ̀dá Délé, torí òun ló ni ìtàn. Ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá ló bá wá sí Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù tiwa, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ló ń gbá nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń kọjá lẹ́bàá pápá tí àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì rẹ̀ ti ń gba bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá kiri. Bọ́ọ̀lù wọn fò wá síwájú rẹ̀. Ó bọ́ sálúbàtà, ó gbá a padà. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lórí àwọn tó ni ín, ó kọjá lórí kóòṣì, ó gba àárín òpó méjì tó wà lápá kejì pápá, ó lọ sínú ìgbẹ́. Kóòṣì ò béèrè ibi tí bọ́ọ̀lù wọ̀. Ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ?" Láàárín oṣù kan, wọ́n fún Bùrọ̀dá Délé ní sìkọ́láṣíìpù. Sìkọ́láṣíìpù yìí ló ń san owó ilé ìwé rẹ̀, ilé ìwé ló sì mú un dúró sí Amẹ́ríkà. Tí ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ já. Màmá mi máa ń fi ìka ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lórí tábìlì: bọ́ọ̀lù, ilé ìwé, ìwé ìgbélùú. Á wá fi ọwọ́ gbá ìka àkọ́kọ́ ṣubú, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

Ẹni tí kò bá tíì wo bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà rí, ẹ fojú inú wo ogún èèyàn tí ìkọ̀ọ̀kan wọn tó kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n dé akoto, tí wọ́n ń rọ́ lu ara wọn nítorí ohun kan tó rí bí ìbẹ́pẹ aláwọ. Tó bá wá sú wọn, wọ́n á pe ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde pé kó wá fẹsẹ̀ gbá ìbẹ́pẹ náà gba àárín òpó méjì. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni Bùrọ̀dá Délé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá Àgbà wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Àṣé gbogbo àwọn òmìrán yìí ń jà, ọmọ mi ni wọ́n ń dúró dè pé kó wá parí ìjà!" Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó rán aṣọ fún Ayọ̀ ní àwọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ó rán ìborùn fún ara rẹ̀. Ó rán ti bàbá mi náà, bàbá mi ní tòun ò ní wọ ilé iṣẹ́.

Èmi gan-an ò kẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà o, bí orúkọ mi ò tiẹ̀ sí nínú ìwé. Bí Bùrọ̀dá Délé bá fẹ́ gbáradì nílé, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí la máa ń lọ. Òpó iná méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n jìnnà síra dáadáa. Èmi ni mo máa kúnlẹ̀, tí màá fi ìka kan di bọ́ọ̀lù náà mú ní òró. Òun á sún sẹ́yìn, á wò mí. "Má mì o, Bísí. Tí o bá mì, gíláàsì ọkọ̀ Mísítà aládùúgbò la máa sanwó rẹ̀." Mi ò mì. Mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀ bí ẹṣin, gbogbo ara mi ń sọ pé kí n sá, ìka mi ò mì. Kò fẹsẹ̀ kan ọwọ́ mi rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti ní ọkọ, mo ti ní ọ̀gá, mo ti ní dókítà, mi ò tíì fi ìka mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ní ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ kan ló gba orí rédíò àti ojú ìwé ìròyìn. Wọ́n ní àwọn olówó tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yunifásítì kan tàbí òmíràn ń fún àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù ní nǹkan lábẹ́lẹ̀. Òfin sì ni pé agbábọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi máa ń ka ìwé ìròyìn náà, tí á sì máa bínú sí i bí ẹni pé ó lè gbọ́ ọ. "Ẹ wo pápá bó ṣe kún. Ẹ wo iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà. Gbogbo èèyàn ló ń jẹ níbẹ̀, àfi ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun, tó bá gba súwítì, ó ti di olè." Màmá mi á ní, "Bàbá Bísí, òfin ni. Àwa kọ́ la ṣe é. Ẹ jẹ́ kí Délé ka ìwé rẹ̀ tán." "Ṣé mo ní kó má kà á ni?" "Ẹ ń pariwo ni." "Èmi? Ariwo?" Ayọ̀ á sì jí. Lónìí tí mo ti dàgbà, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń gba ẹ̀bùn ní gbangba, wọ́n ń fi ojú wọn polówó ọkọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó ń mú wọn. Mo máa ń rántí bàbá mi. Wọn ì bá ti yọ̀ títí Ayọ̀ á fi jí.

Ooru ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé wa kú ní oṣù kẹjọ, oṣù tí ooru Houston máa ń mú bí ẹni tó ń bá èèyàn jà. Máníjà ilé ní ọ̀la, a dé ọ̀la, ó ní ọ̀la. Gbogbo ara Ayọ̀ sú, kò sì sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Màmá Àgbà ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ ẹ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ̀ Bùrọ̀dá Délé bàjẹ́ ní pápá, ọ̀kan lára àwọn olówó tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ wọn sì gbé e wá sílé. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan ni, ó dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ àwọn darandaran Texas. Bàbá Onífìlà ni Màmá Àgbà sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wọlé, ó mu omi, ó rí ìyá arúgbó tó ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ ọmọ tuntun. Ó dágbére, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Bùrọ̀dá Délé wà ní ilé ìwé, àwọn ọkùnrin méjì gbé ẹ̀rọ amúlétutù tuntun wá, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé, wọ́n sì lọ.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Bùrọ̀dá Délé wọlé. Inú ilé tutù bí inú báńkì. Ó dúró sí iwájú ẹ̀rọ náà, àpò ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó ní, "Màmá, ta ló gbé èyí wá?" Màmá Àgbà ní, "Bàbá Onífìlà ló fi ta ọmọ lọ́rẹ." "Màmá, mi ò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn." "Ṣé ìwọ ló fún ni? Ayọ̀ ló fún. Ta ló máa ń dá ẹ̀bùn ọmọ tuntun padà?" Bùrọ̀dá Délé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di wáyà iná ẹ̀rọ náà mú ní ìdí ògiri. Ayọ̀ wà lórí ẹní, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún, ó ń hanrun bí àgbàlagbà. Bùrọ̀dá Délé wò ó títí. Ó wá fi wáyà sílẹ̀. Ó kàn sọ pé, "A ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni." Màmá mi gbà. Bàbá mi gbà, pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi gbà. Màmá Àgbà nìkan ni kò gbà. "Ṣé Bàbá Onífìlà jí i ni?" "Rárá, Màmá." "Ṣé àwa la jí i?" "Rárá, Màmá." "Kí wá la ń fi pamọ́?" Títí di òní, mo ṣì ń wá ìdáhùn ìbéèrè yẹn.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ń jẹ Màmá Àgbà nínú. Ó gba oore, kò tíì dúpẹ́. Lárààárọ̀ ló ń béèrè pé, "Ẹ ti bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn?" Màmá mi á ní, "A ti dúpẹ́, Màmá." "Ẹnu tiyín lẹ fi dúpẹ́. Èmi tí mo ń sun oorun tútù ńkọ́?" Oṣù kẹsàn-án kọjá, oṣù kẹwàá kọjá. Tí a bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, á tún dá a sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní òun ò lè máa kí Ọlọ́run pé ó ṣé, kí òun má kí ẹni tí Ọlọ́run rán.

Ìdíje tó kẹ́yìn lórí pápá wa ní ọdún náà, wọ́n ní kí àwọn ẹbí agbábọ́ọ̀lù wá. Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́, àwa yòókù lọ. Ẹ bá mi ro bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, àmì méjì ni wọ́n fi ń jù wá lọ, wọ́n sì pe Bùrọ̀dá Délé jáde, torí tó bá gbá a gba àárín òpó, àmì mẹ́ta la máa jẹ. Ibi tó ti máa gbá a jìnnà gan-an. Gbogbo pápá dákẹ́ débi pé mo gbọ́ Màmá Àgbà tó ń pe orúkọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, gbogbo orúkọ rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ti gbàgbé. Èmi, mo na ìka mi kan jáde níwájú mi, mo dì í mú ní òró. Mi ò mì. Ó sáré wá, ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà yí, ó yí, ó gba àárín òpó kọjá bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé. Ariwo tó sọ, ó kù díẹ̀ kí Ayọ̀ jábọ́ lọ́wọ́ màmá mi.

Wọ́n ṣí géètì, wọ́n ní kí àwọn ẹbí sọ̀ kalẹ̀. Màmá mi gbé Ayọ̀ lọ pààrọ̀ ìtẹ́dìí, ó ní kí n di Màmá Àgbà lọ́wọ́ mú. Bí a ṣe dé etí pápá, Màmá Àgbà rí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n kúnlẹ̀ ní òbírípo tí wọ́n ń gbàdúrà. Ló bá bọ́ bàtà. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, òun ò ní wọ bàtà débẹ̀. A rìn wọlé, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ló ti rí i. Bàbá Onífìlà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn akọ̀ròyìn. Kí n tó mọ̀, Màmá Àgbà ti já lọ́wọ́ mi. Ó dé iwájú rẹ̀, ó kó ìró rẹ̀ jọ, ó kúnlẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. "Bàbá Onífìlà, ẹ ṣé o. Ẹ ṣé ẹ̀rọ tútù tí ẹ gbé wá sílé wa. Ọmọ ń sùn. Èmi náà ń sùn. Ooru ò ní mú yín láyé, kò ní mú yín lọ́run." Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà. Akọ̀ròyìn kan tẹríba sí mi, ó ní, "Ọmọdé, kí ni ìyá àgbà ń sọ?"

Bùrọ̀dá Délé wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí wa, akoto rẹ̀ lábẹ́ apá. Ó gbọ́ ohun tí Màmá Àgbà sọ, ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí. Mo wò ó. Mo ń retí kó mi orí fún mi, kó ṣẹ́jú, kó wúkọ́. Bó bá ṣẹ́jú lásán, ǹ bá parọ́, mo mọ irọ́ pa dáadáa nígbà yẹn. Kò ṣẹ́jú. Ó kàn ń wò mí gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń wò mí kó tó sáré wá gbá bọ́ọ̀lù. Ni mo bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ketekete pé ó ń dúpẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí ọ̀gá yìí gbé wá sílé wa. Ojú Bàbá Onífìlà pọ́n bíi tàtàṣé. Ó ní òun ń lọ wo ibi tí òun gbé ọkọ̀ sí, mi ò sì tún rí fìlà náà mọ́ láyé.

Nínú ọkọ̀ tí a gbé padà sílé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọrin. Màmá Àgbà ní ọkàn òun ti fúyẹ́. Màmá mi ò nà mí, ì bá sàn kó nà mí. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò gbá àwọn ìka rẹ̀ yòókù ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, láìmọ̀ pé òun ń ṣe é. Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rí ojú màmá mi, ó gbé ẹ̀rín mì. Kò sí ẹni tó sọ fún Màmá Àgbà pé ọpẹ́ rẹ̀ lè ba bọ́ọ̀lù jẹ́. Bùrọ̀dá Délé ló ní kí a má sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Sọ́ńdè ni, gbogbo wa ti wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò Màmá Àgbà wà nínú ìwé ìròyìn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú sí gbogbo Texas, ọ̀rọ̀ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Màmá Àgbà fi owú so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí kó lè wò ó dáadáa, ó ní wọn ì bá ti ya òun láti iwájú. Ó ń dín àkàrà nígbà tí tẹlifóònù ara ògiri dún. Bùrọ̀dá Délé gbé e. Kóòṣì ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi débi pé gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin bọ́ọ̀lù ti pe òun. Ó ní ọ̀nà kan wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló túmọ̀ ọ̀rọ̀, ọmọdé máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Ìyá arúgbó náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí Délé ṣáà sọ pé ọmọ náà ṣì í túmọ̀, pé wíwá tí ọ̀gá náà wá wo bọ́ọ̀lù ni ìyá ń dúpẹ́ rẹ̀. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí, sìkọ́láṣíìpù rẹ̀ dúró. Màmá mi di etí tábìlì mú. Bùrọ̀dá Délé yí padà, ó wò mí. Àkàrà ṣì wà lẹ́nu mi.

Ó ní, "Rárá, sà. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìyá mi náà sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Èmi ni mo yẹ kí n ti sọ fún yín láti ìgbà tí mo ti rí i." Kóòṣì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, a ò gbọ́ ọ mọ́. Bùrọ̀dá Délé ní, "Mo gbọ́, sà." Ó gbé tẹlifóònù kọ́. Bọ́ọ̀lù àti sìkọ́láṣíìpù parí nìyẹn. Ó fọ àwo ní ilé oúnjẹ yunifásítì fún ọdún méjì láti fi san owó ilé ìwé kó tó ka ìwé náà tán, mo sì ń gba orí afárá tó bá wọn kọ́ kọjá tí mo bá ń lọ sí ọjà. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ ìyẹn ní òwúrọ̀ yẹn. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó rìn wọ ilé ìdáná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú Màmá Àgbà, lórí ilẹ̀ tí epo ti ta sí, nínú aṣọ funfun. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣé àná."

Màmá Àgbà ò tiẹ̀ yíjú kúrò lórí iná. Ó ní, "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi. Dìde, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lo wọ̀ yẹn. Wá jẹ àkàrà kó tó tutù."